Kíkó Oògùn àti Ohun Èlò Ìwòsàn fún Ìjọba: Níbo ni Ẹ̀tọ́ Parí sí?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ẹni tí ó fi òwò ṣe ẹ̀tọ́ fún wa, tí Ó sì la ààlà rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí àwọn ará Mẹ́kà ti ń pè ní Olùfọkàntán nítorí òwò tí ó ń ṣe, kí iṣẹ́ ìránṣẹ́ tó dé bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, ọ̀kan nínú yín dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ohun èlò ìwòsàn ni ó ń tà: ìbọ̀wọ́, abẹ́rẹ́, òwú, báńdéèjì, omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára. Bébà mẹ́ta ni ó mú dání. Orúkọ ilé iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà lórí wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ni ó fẹ́ kọ iye owó sí orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀, ó yá méjì yòókù lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan ní ilé ìwòsàn kan ni ó ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, kí tirẹ̀ lè wálẹ̀ jù lọ, kí fáìlì sì lè pé. Ó ní, “Àáfà, gbogbo wa ni à ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?” Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ni ó fẹ́ fi bébà náà sílẹ̀.

A kò dá a lóhùn ní ìdúró. A bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí á wo ìwé. Ohun tí a rí ni a fẹ́ bá gbogbo yín sọ lónìí, nítorí a mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan. Ìlú ìjọba ni Àkúrẹ́. Ní Alágbàká ni àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ pọ̀ sí, púpọ̀ nínú àwọn oníṣòwò wa ní Ọjà Ọba àti ní Arákàlẹ̀ ni ó sì ti gba ìwé iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba rí. Ní ti ìwòsàn, ilé ìwòsàn Ìyá àti Ọmọ tí a ṣí níbí ní ọdún 2010, Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn tí ó wà ní ìlú Òǹdó pẹ̀lú ilé ìwòsàn rẹ̀, àti ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀, kò sí èyí tí ó lè la ọjọ́ kan já láìjẹ́ pé ẹnìkan kó ọjà wá. Ẹni yẹn lè jẹ́ ọmọ wa tàbí àna wa.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí bébà mẹ́ta náà. Kí ni ìdí tí ìjọba fi ń béèrè iye owó lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta? Owó náà kì í ṣe ti ẹni tí ó jókòó sí ọ́fíìsì. Ti ará ìlú ni. Ẹni tí ó bá ń ná owó ara rẹ̀ a máa na ọjà láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ẹni tí ó ń ná owó ẹlòmíràn lè má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà òfin fi ipá mú un láti ná an. Bébà mẹ́ta dúró fún ìsọ̀ mẹ́ta. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a kò ná ọjà kankan mọ́, irọ́ ni a kọ sínú fáìlì ìjọba.

Nínú Ṣàríà, ohun méjì ni ó pàdé níbẹ̀. Èkínní ni ẹ̀rí èké. Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ka ẹ̀rí èké mọ́ àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí ó tóbi jù lọ. Ó ti fẹ̀yìn tì tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ẹ̀rí èké, ó dìde jókòó, ó sì ń tún un sọ títí àwọn sàhábà fi ń fẹ́ kí ó dákẹ́. Èkejì ni ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní najash: kí ènìyàn dá owó lé ọjà tí kò ní i lọ́kàn láti rà, kí ó lè tan ẹlòmíràn. Ànábì kọ̀ ọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n yá arákùnrin wa ní bébà kò ní i lọ́kàn láti kó ọjà kankan. Wọ́n kàn wá ṣe bí ẹni tí ó ń ná an ni.

Òfin orílẹ̀-èdè wa náà kò fi í ṣeré. Òfin ìrajà ìjọba tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2007 ka ìdìmọ̀lù láàárín àwọn agbàṣẹ́ṣe sí ọ̀ràn, ó ka pípín iṣẹ́ kan sí wẹ́wẹ́ láti sá fún iye tí yóò mú kí ọ̀gá àgbà wò ó sí ọ̀ràn, ó ka fífi ayédèrú ìwé sílẹ̀ sí ọ̀ràn. Ẹ̀wọ̀n ọdún 5 sí ọdún 10 ni ìjìyà ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, kò sì sí àyè owó ìtanràn. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni òfin yẹn wà fún; Ìpínlẹ̀ Òǹdó ní òfin àti ọ́fíìsì tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Nítorí náà nígbà tí arákùnrin wa sọ pé gbogbo ènìyàn ni ó ń ṣe é, ohun tí ó ń sọ ni pé gbogbo ènìyàn ni ó ń fi orí ara rẹ̀ wewu nítorí ìbọ̀wọ́.

Ìbéèrè kejì kò ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, àwa ni a bi í: “Ṣé ọjà náà wà ní ìsọ̀ rẹ?” Ó ní kò sí. Bí ìwé iṣẹ́ bá jáde ni òun yóò lọ sí Èkó. Ẹ rántí Hakim ọmọ Hizam, sàhábà tí ó jẹ́ oníṣòwò. Ó bi Ànábì léèrè nípa ẹni tí ó wá béèrè ohun tí kò sí ní ọwọ́ òun, tí òun yóò sì lọ rà á fún un ní ọjà. Ànábì sọ fún un pé kí ó má ta ohun tí kò sí ní ọwọ́ rẹ̀. Bí ènìyàn bá gbọ́ èyí, yóò rò pé gbogbo iṣẹ́ àgbàṣe ti di hàráàmù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ka ìwé iṣẹ́ sí àdéhùn pé a ó kó ọjà wá, tí títà gan-an kò sì wáyé títí olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùpamọ́ fi kà á, tí ó sì bu ọwọ́ lù ú, a jẹ́ pé ohun tí ó ti wà ní ọwọ́ wa ni a tà. Bí ó bá fọ́ lọ́nà, tiwa ni ó fọ́. Ọ̀nà mìíràn ni salam, èyí tí ẹni tí ń rà ti san owó ọjà sílẹ̀ kí ọjà tó dé, tí a ti sọ irú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò dé. Ní ìlànà Maliki, tí àwa ń tọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, gbogbo owó náà gbọ́dọ̀ wọlé nígbà àdéhùn, tàbí kí ó má kọjá ọjọ́ mẹ́ta. Owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí òfin gbà láàyè kì í ṣe gbogbo owó ọjà, nítorí náà ẹni tí ó bá gba ìyẹn kò lè pè é ní salam. Àdéhùn lásán ni, owó ìdúró ni ó sì gbà.

Ẹnìkan lè ní kí ni ìyàtọ̀ náà wúlò fún. Ó wúlò púpọ̀. Ní oṣù Òkúdù ọdún 2023 náírà já wálẹ̀. Ní oṣù Ògún ọdún kan náà ilé iṣẹ́ GSK kéde pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Iye owó oògùn fò sókè láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tí ó ti ta ohun tí kò sí ní ọwọ́ rẹ̀ ní iye kan bá ara rẹ̀ láàárín iná méjì: kí ó gbé àdánù, tàbí kí ó wá èyí tí kò dára tó, kí ó fi sínú páálí kan náà. Àwọn tí wọ́n yan ọ̀nà kejì kò bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀daràn. Ìdí tí Ànábì fi dí ọnà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kí ènìyàn má baà dé oríta náà rárá.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí ọjà tí kò dára, nítorí níbí ni ẹ̀mí wà. Ní ọdún 1990, ní Ìbàdàn àti ní Jos, àwọn ọmọdé tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún kú nítorí oògùn olómi fún ibà tí wọ́n po májèlé mọ́. Ní ọdún 2008 ó tún ṣẹlẹ̀. Oògùn eyín ọmọdé tí à ń pè ní My Pikin pa ọmọ tí ó lé ní 80. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe rí: ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é kò ní i lọ́kàn láti pa ọmọ ẹnikẹ́ni. Omi kan tí wọ́n fi ń po oògùn ni wọ́n lọ rà ní Èkó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ. Ohun tí ó wà nínú kẹ́ẹ̀gì náà kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Diethylene glycol ni, májèlé tí ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Àwọn ọmọ náà kò lè tọ̀ mọ́, lẹ́yìn náà wọ́n kú. Ní ọdún 2013 ilé-ẹjọ́ rán méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 7. Ní ọdún 2022, ní Gambia, níbi tí Mùsùlùmí ti pọ̀ jù, nǹkan bí 70 ọmọdé tún bá irú májèlé kan náà lọ nínú oògùn ikọ́ tí wọ́n kó wọlé láti Íńdíà. Gbogbo rẹ̀, ìrajà ni. Ẹnìkan ra ohun kan lọ́wọ́ ẹnìkan, kò sì béèrè.

Kì í ṣe májèlé nìkan ni ó ń pani. Abẹ́rẹ́ oxytocin tí wọ́n ń fún ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya lára rẹ̀, inú òtútù ni ó gbọ́dọ̀ wà, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí agbàṣẹ́ṣe bá kó o sí búùtù ọkọ̀ ní Ìdúmọ̀tà, tí ó gbà á kọjá nínú oòrùn títí dé Àkúrẹ́, ìgò rẹ̀ kò ní yí padà, àwọ̀ rẹ̀ kò ní yí padà, ọjọ́ tí ó wà lára rẹ̀ kò ní yí padà. Olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùpamọ́ yóò kà á, yóò sì pé. Agbára rẹ̀ nìkan ni ó ti dínkù. Nọ́ọ̀sì yóò fún ìyá náà ní abẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ kò ní dá. Ta ni yóò mọ̀ pé inú búùtù ni ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́? Ọlọ́hun mọ̀. Kí ẹ sì má gbàgbé pé Ìdúmọ̀tà tí a dárúkọ yẹn wà lára àwọn ọjà oògùn tí àjọ NAFDAC tì pa ní oṣù Èrèlé ọdún 2025, pẹ̀lú ti Onitsha àti Aba, nítorí ayédèrú àti oògùn tí wọ́n kó pamọ́ sínú ooru.

Ànábì kọjá lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ó kó oúnjẹ jọ ní òkítì ní ọjà. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó sì bá ọ̀rinrin nísàlẹ̀. Ọkùnrin náà ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tí ó tutù sí òkè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì yọ ẹni tí ó bá ń tanni jẹ kúrò lára àwa. Ẹ kíyè sí i pé kò bá a jà nítorí òjò. Òjò kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Bíbò ó mọ́lẹ̀ ni ẹjọ́ rẹ̀. Bí ọjà rẹ bá ti wà nínú oòrùn, sọ ọ́. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá ku oṣù méjì, kọ ọ́ sí ìwé kí ẹni tí ń gbà á mọ̀.

Láti ìgbà ìjímìjí ni àwọn Mùsùlùmí ti mọ̀ pé oògùn kò dà bí aṣọ, tí ojú lásán lè dá mọ̀. Ní ọ̀rúndún kẹfà lẹ́yìn Híjírà, onímọ̀ kan ní Síríà tí wọ́n ń pè ní ash-Shayzari kọ ìwé fún àwọn alábòójútó ọjà tí à ń pè ní muhtasib. Ó ya orí sọ́tọ̀ fún àwọn tí ń ta egbòogi àti orí mìíràn fún àwọn tí ń se oògùn olómi, ó sì ka oríṣìíríṣìí àbùlà wọn àti bí a ṣe lè dá wọn mọ̀. Ohun tí NAFDAC ń ṣe láti ọdún 1993, iṣẹ́ muhtasib ni. Bí Mùsùlùmí bá fi owó pa òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu mọ́, ẹ̀sìn ara rẹ̀ ni ó ń bá jà.

Nísinsìnyí a ó sọ̀rọ̀ ní ìhà kejì, nítorí kò dára kí á máa na agbàṣẹ́ṣe nìkan. Ẹni kékeré tí ó kó ọjà, tí ó kà á pé, tí ó dára, ta ni yóò san owó rẹ̀, nígbà wo sì ni? A mọ àwọn ará wa tí wọ́n ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ fún ọdún kan nítorí ìwé owó kan ṣoṣo. Fáìlì wà lórí tábìlì. Ẹni tí yóò bu ọwọ́ lù ú lọ sí ìpàdé. Ọdún parí, wọ́n ní ó di gbèsè àtẹ̀yìnwá. Ànábì pe ìdádúró olówó tí ó ní ohun tí yóò san ní àbòsí, ó sì pàṣẹ pé kí á fún alágbàṣe ní owó rẹ̀ kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó bá jókòó lé fáìlì láìnídìí, òun ni ó di owó náà mú, kì í ṣe “ìjọba”. Ìjọba kò ní ọwọ́ tí a lè dì mú ní Àlùkìyámọ̀.

Òfin ọdún 2007 sọ pé bí owó bá kọjá 60 ọjọ́ lẹ́yìn tí a ti fi ìwé owó sílẹ̀, ó ti pẹ́ jù, kí á sì san èlé lé e gẹ́gẹ́ bí àdéhùn bá ti wí. Èrò tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ dára, ó fẹ́ kí ìjọba má máa fìyà jẹ ènìyàn. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí kò lè jẹ èlé náà. Kí ó gba owó rẹ̀ pé. Bí wọ́n bá fi ìyókù kún un láìjẹ́ pé ó béèrè, ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ púpọ̀ ni pé kí ó fi ṣe ohun tí ará ìlú yóò jàǹfààní rẹ̀, kí ó má sì ka ẹ̀san sí i. Èyí tí ó ń dùn wá jù ni èlé tí àwọn fúnra wọn ń san: wọ́n yá owó oṣooṣù láti fi kó ọjà, ìjọba pẹ́, èlé jẹ èrè, ó sì jẹ ojú owó. Ẹ ní ará. Kí ẹni tí ó ní owó bá ẹni tí ó ní ìwé iṣẹ́ ṣe àjọṣe, kí wọ́n pín èrè, kí olówó sì gbà pé àdánù lè wà. Èyí ni òwò tí Ànábì fúnra rẹ̀ bá Khadijah ṣe. Báńkì tí kì í gba èlé náà ti wà ní Nàìjíríà, Jaiz ti wà láti ọdún 2012, àwọn mìíràn sì ti tẹ̀lé e.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó abẹ́ tábìlì. Ẹ jẹ́ kí á sọ ohun kan tí ó máa ń yà wá lẹ́nu. Àwa Yorùbá ń pe àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ní rìbá. Ní èdè Lárúbáwá, èlé ni riba ń jẹ́. Rishwah ni àbẹ̀tẹ́lẹ̀. A da méjèèjì pọ̀ sí orúkọ kan, bóyá nítorí pé àpò kan náà ni a rí i tí wọ́n jọ ń jáde láti inú rẹ̀. Nígbà ayé Ànábì, ó rán ọkùnrin kan tí à ń pè ní Ibn al-Lutbiyyah láti lọ gba sàká. Ó padà dé, ó pín ẹrù sí méjì: èyí jẹ́ tiyín, èyí jẹ́ ẹ̀bùn tí wọ́n fún mi. Ànábì gun orí mínbárì, inú rẹ̀ kò dùn, ó sì bi àwọn ènìyàn pé bí ó bá jókòó sí ilé bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀, ṣé ẹ̀bùn náà yóò bá a níbẹ̀? Gbogbo ìdá mẹ́wàá tí wọ́n ń fà yọ lára owó iṣẹ́, ìbéèrè yẹn ni kí ẹ bi í. Owó yẹn kò já láti ọ̀run: ìbọ̀wọ́ tí ó yẹ kí ó pé ọgọ́rùn-ún páálí ni ó di àádọ́rùn-ún.

Àwọn kan yóò ní, tí ó bá jẹ́ owó tí mo ti ṣiṣẹ́ fún ńkọ́, tí wọn kò fẹ́ fún mi àfi kí n fún wọn ní nǹkan? Àwọn onímọ̀ kan gbà pé ẹni tí a fi àbòsí dí lọ́nà ẹ̀tọ́ tí ó ti fìdí múlẹ̀, tí kò sì rí ọ̀nà mìíràn, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà lórí ẹni tí ó gbà á. A kò fẹ́ kí ẹ sọ àyè tóóró yìí di títì márosẹ̀. Kò kan ìgbà tí ẹ̀ ń wá iṣẹ́. Ìwé iṣẹ́ tí ẹ kò tíì gbà kì í ṣe ẹ̀tọ́ yín.

Ọ̀nà mìíràn sì wà ju bí a ti rò lọ. Òfin ọdún 2007 ní kí wọ́n pe ẹni méjì wá wo bí ìrajà ṣe ń lọ, ọ̀kan láti ẹgbẹ́ àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà, ọ̀kan láti ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti ìjọba. A ní àwọn apoògùn nínú mọ́ṣáláṣí yìí. Kí ló dé tí kò fi sí èyí tí ó ń lọ jókòó níbẹ̀? Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún gbogbo ènìyàn ní àyè láti kọ̀wé béèrè iye tí wọ́n ra nǹkan àti ẹni tí wọ́n rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì dáhùn láàárín ọjọ́ 7. Ní ọdún 2018, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn tí ó wà ní Àkúrẹ́ níbí dájọ́ pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀; ní ọdún 2025 Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ bákan náà, lórí ẹjọ́ tí ó kan àjọ ìdènà àrùn éèdì ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó.

Ní ti arákùnrin wa, a dá a lóhùn ní ọjọ́ kejì kí ó tó jáde. Ó dá bébà méjì padà fún àwọn tí ó ni ín, ó sì fi tirẹ̀ nìkan sílẹ̀. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Ó tọ̀ wá wá, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó kàn ní kí á bá òun ṣe àdúà. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí sọ̀rọ̀ lórí àpò àjọṣe fún àwọn oníṣòwò kékeré. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa dá sí i, yálà pẹ̀lú owó tàbí pẹ̀lú ìmọ̀, dúró lẹ́yìn ìrun Ásárì ní ọjọ́ Àìkú.

Ọlọ́hun Ọba, fún àwọn aláìsàn wa tí wọ́n wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní àlàáfíà, jẹ́ kí oògùn tí ó dé ọ̀dọ̀ wọn jẹ́ oògùn tòótọ́. Fún àwọn tí ń retí owó wọn ní ẹ̀tọ́ wọn. Ṣí ọ̀nà hàláàlì fún arákùnrin wa yìí àti àwọn bíi tirẹ̀. Àmín.